Àgbà Ẹ́ńjìnnì Nínú Ọkọ̀ Onígi: Bí A Ti Jí Tùkùtùkù Dìde, àti Bí A Ti Ń Tọ́jú Irú Rẹ̀

Ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí mo wà ní kíláàsì kìíní ní ilé-ìwé wa yìí, ọmọ tí kò ní aago ọwọ́ kò ṣàì mọ àkókò. Bí a bá ti gbọ́ "tùkù, tùkù, tùkù" láti apá omi, a mọ̀ pé ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti ń sún mọ́ èbúté Ọ̀jọ́, àti pé agogo àdúrà òwúrọ̀ kò ní pẹ́ lù. Ọkọ̀ onígi ni. Ó ń kó àwọn ọmọ ilé-ìwé, àwọn obìnrin tí ń ta ẹja, àti apẹ̀rẹ̀ àgbọn láti àwọn erékùṣù tí ó wà ní òdìkejì. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò sí lẹ́yìn ọkọ̀ bí ti àwọn ọkọ̀ ayára tí ẹ ń rí lónìí. Ó jókòó sí àárín ikùn ọkọ̀ bí bàbá àgbà tí ó jókòó sí àárín ilé. Tùkùtùkù ni gbogbo wa ń pe ọkọ̀ náà. Bí ó bá ní orúkọ mìíràn lójú ìwé ìjọba, n kò gbọ́ ọ rí.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti sùn nínú Olúwa láti ọ̀pọ̀ ọdún. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ yìí ti wà lábẹ́ àtíbàbà kan ní etí omi, tí ewé àgbọn gbígbẹ àti eruku ti bò ó. Ní ìparí ọdún tí ó kọjá, ẹnì kan tí ń ra àlòkù irin wá bá àwọn ọmọ olóògbé. Ó wo ẹ́ńjìnnì náà, ó fi ẹsẹ̀ kàn án, ó ní òun yóò rà á ní kílò kílò. N kò bá àwọn ìbátan mi wí. Ẹni tí ó ní owó ilé-ìwé ọmọ láti san kò lè fi irin tí kò ṣiṣẹ́ ṣe ọ̀ṣọ́ ilé. Ṣùgbọ́n wọ́n rò pé ó yẹ kí àwọn sọ fún mi, nítorí pé èmi ni ó kù tí mo dàgbà jù níhà ìyá. Mo tọrọ oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ wọn. Mo ní bí ẹ́ńjìnnì náà kò bá dún kí oṣù mẹ́ta tó pé, kí wọ́n tà á, n kò ní bínú.

Ohun tí a kọ́ nínú oṣù mẹ́ta náà ni mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin òbí wa. Mo ní "a" nítorí pé èmi kì í ṣe mẹkáníìkì. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà ni mo lọ, wọn kò sì kọ́ wa níbẹ̀ bí a ti ń tú pọ́ǹpù epo. Ọmọ kíláàsì mi kan, tí ó fi iṣẹ́ ẹ̀rọ ojú omi jẹun títí ó fi fẹ̀yìn tì, ni ó ṣe olùkọ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, mo sì ti rí i pé òótọ́ ni: iṣẹ́ kọ́ ni ó ń pa àgbà ẹ́ńjìnnì, ìjókòó lásán ni.

Kí n kọ́kọ́ sọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹ́ńjìnnì inú ọkọ̀ àti ti òde. Ọkọ̀ tí ó pọ̀ jù ní èbúté Ọ̀jọ́ lónìí ni èyí tí a so ẹ́ńjìnnì mọ́ ìdí rẹ̀ lóde. Ẹ́ńjìnnì, gíà àti pùròpẹ́là, ìyẹn abẹ̀bẹ̀ irin tí ń ti omi sẹ́yìn, jẹ́ ohun kan ṣoṣo tí ọkùnrin méjì lè gbé. Ole Evinrude, ọmọ Norway tí àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí Amẹ́ríkà, ni ó kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ tí ó gba ọjà, ní 1909. Ilé-iṣẹ́ Yamaha ti Jàpáánù gbé tirẹ̀ jáde ní 1960, lónìí orúkọ náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di orúkọ ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ lẹ́nu àwọn awakọ̀ wa. Ó fúyẹ́, ó yára, bí omi kò bá sì jìn, awakọ̀ a gbé ìdí rẹ̀ sókè.

Ti inú ọkọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó wúwo. Ó dúró lórí ìtì igi méjì tí a kàn mọ́ egungun ọkọ̀. Láti ìdí rẹ̀ ni ọ̀pá irin gígùn kan, tí a ń pè ní ṣáàfù, ti gba ihò kan jáde sínú omi, pùròpẹ́là sì wà ní orí rẹ̀ lóde. A kò lè gbé e sókè bí omi bá fà. Bí àwọ̀n apẹja bá lọ́ mọ́ ọn, ẹnì kan ni yóò bọ́ aṣọ kí ó wọ inú omi. Ìdí nìyí tí ti òde fi gba ọjà mọ́ ọn lọ́wọ́ lórí ọ̀sà wa. Ṣùgbọ́n epo tí ó ń mu kò tó nǹkan, ó sì lè ṣiṣẹ́ fún ogójì ọdún lọ́wọ́ ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n tọ́jú.

Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí ìtàn ìjọ wa. Ní 1854, ọkọ̀ Pleiad tí Dókítà Baikie ṣe olórí rẹ̀, tí Àjàyí Crowther sì bá a rìn, gòkè odò Ọya títí wọ odò Bẹ́núé, ẹ́ńjìnnì tí ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ ni ó sì wà nínú ikùn rẹ̀. Kò sí òyìnbó kan tí ó kú nínú ìrìn àjò náà, nítorí pé wọ́n ń lo kúníìnì lójoojúmọ́. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 1857, ọkọ̀ tí ó rọ́pò rẹ̀, Dayspring, kọlu àpáta nítòsí Jẹ́bà, ó sì rì. Lẹ́yìn ooru omi ni ẹ́ńjìnnì elépo dé. Ní 1906, Walter Bergius ti ìlú Glasgow gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ilẹ̀ sínú ọkọ̀ àjẹ̀ kan láti fi dán an wò, láti ibẹ̀ sì ni àwọn ẹ́ńjìnnì Kelvin tí àwọn apẹja ilẹ̀ Scotland fẹ́ràn ti bẹ̀rẹ̀. Rudolf Diesel ti ilẹ̀ Jámánì ti mú ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ ṣiṣẹ́ ní 1897: kò ní pọ́lọ́ọ̀gì, kò nílò iná, ó kàn ń tẹ afẹ́fẹ́ pọ̀ títí yóò fi gbóná débi pé epo tí a bá tú sínú rẹ̀ yóò gbaná fúnra rẹ̀.

Lister ni ti Tùkùtùkù, dísẹ́ẹ̀lì onísílíńdà méjì, láti ìlú Dursley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń gbé Ìbà tàbí Òkókómáíkò, ẹ ti bá ẹbí rẹ̀ pàdé rí, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ̀. Àwọn ẹ̀rọ ìlọta àtijọ́ tí ó ní kẹ̀kẹ́ irin ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí omi tútù wà nínú dúrọ́ọ̀mù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ń lọ gbágùúdá àti ata láti àárọ̀ di alẹ́, Lister ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, tàbí àwòkọ rẹ̀ tí àwọn ará India ń ṣe. Ọ̀kan lára àwọn kékeré inú wọn ní agbára ẹṣin 5, ó sì ń yí ní ìgbà 600 péré ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ́ńjìnnì òde tí ó ń sáré lórí ọ̀sà lónìí ń yí ní nǹkan bí ìgbà 5,000. Ẹ wá rí ìdí tí ọ̀kan fi ń rẹ̀ kí èkejì tó rẹ̀.

Ara ọkọ̀ ni a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Èyí yà mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi ní kò sí èrè nínú jíjí ẹ́ńjìnnì dìde nínú ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ ti jẹrà. Ó mú ọ̀bẹ kékeré kan, ó ń fi ṣóńṣó rẹ̀ gún igi káàkiri, pàápàá lábẹ́ ẹ́ńjìnnì níbi tí ọ́ìlì ti máa ń kán sí, àti ní etí ihò ṣáàfù. Níbi tí igi bá ti le, ọ̀bẹ a dúró. Níbi tí ó bá ti rà, a wọlé bí ìgbà tí a gún iṣu sísè. Ọ̀pẹ̀pẹ̀ ni egungun Tùkùtùkù, ìrókò sì ni pákó ara rẹ̀. Àwọn tí ó kàn án mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Omi ọ̀sà wa kì í dúró lójú kan: nígbà òjò, omi odò a ya wọlé, iyọ̀ a sì dín kù gidigidi, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun a tún gòkè wá. Nínú omi oníyọ̀ yìí ni kòkòrò kan tí ó rí bí ekòló funfun ti máa ń gbẹ́ igi. Ìta pákó a máa dán, inú rẹ̀ a sì ti di afárá oyin. Ọ̀pẹ̀pẹ̀ wà lára àwọn igi tí kòkòrò yìí kì í tètè borí, ìdí nìyí tí a fi ń fi ṣe òpó èbúté.

Pákó mẹ́ta ni a pààrọ̀. Àwọn àlàfo tí ó wà láàárín pákó ni a fi òwú dí, tí a sì fi ọ̀dà bò. Níhìn-ín ni ẹni tí kò mọ̀ ti máa ń ṣàṣejù. Ó rí àlàfo gbàgàdà nínú ọkọ̀ tí ó ti gbẹ fún ọdún púpọ̀, ó sì ń fi òòlù gbá òwú wọlé títí kò fi ní gbà mọ́. Bí ọkọ̀ náà bá dé inú omi, igi yóò mumi, yóò wú, òwú àpọ̀jù yẹn yóò sì ya pákó kúrò lára egungun. Ó yẹ kí a rọra dí i, kí a sì jẹ́ kí omi parí iṣẹ́ náà.

Nígbà tí káfíńtà ń ṣe tirẹ̀, àwa ń ṣe ti ẹ́ńjìnnì. Ìdánwò tí ó wà lọ́kàn mi ni pé kí n gbá háńdù mú kí n yí i, kí n wò ó bóyá yóò yí. Ọ̀rẹ́ mi di ọwọ́ mi mú. Nínú ẹ́ńjìnnì tí ó ti jókòó fún ọdún púpọ̀, ìpẹtà ti so ríìnì písítìn mọ́ ara sílíńdà. Ẹni tí ó bá fi agbára yí i yóò gbọ́ ìró kan ṣoṣo, "kà", ó sì ti parí: ríìnì ti ṣẹ́, tàbí ọ̀pá tí ń gbé fáàfù ti tẹ̀. Ohun tí a ṣe ni pé a yọ nọ́súsù, ìyẹn ẹnu tí ń fọ́n epo, a da ọ́ìlì fífúyẹ́ tí a pò mọ́ dísẹ́ẹ̀lì sí orí písítìn méjèèjì, a sì lọ sílé. Ní ọjọ́ kejì a tún da díẹ̀ sí i. Fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ẹnikẹ́ni kò fi ọwọ́ kan háńdù. Ní ọjọ́ kẹwàá, ọ̀rẹ́ mi fi ọwọ́ lásán tẹ kẹ̀kẹ́ irin ńlá náà. Ó yẹ̀ níwọ̀n ìbú ìka kan. Ó dá a padà. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó yẹ̀ níwọ̀n ìka méjì. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ó yí po. Mo ti wàásù fún ọgbọ̀n ọdún ó lé, ṣùgbọ́n kò sí ìgbà tí mo tíì rí ohun tí ó dàbí sùúrù tó bẹ́ẹ̀.

A tú ọ́ìlì àtijọ́ dànù. Ẹ máa wo ọ́ìlì kí ẹ tó dà á nù, nítorí ìtàn wà nínú rẹ̀. Bí ó bá dúdú lásán, ó ti gbó ni. Bí ó bá funfun bí ògì, omi ti wọ inú rẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ wá ibi tí omi náà ti wọlé kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Bí ẹ bá rí ohun tí ń dán nínú rẹ̀ bí iyanrìn góòlù, ara bíárìn ni ó ń jẹ lọ. Tiwa dúdú, ọpẹ́ ni fún Olúwa.

Táǹkì epo ni ó jẹ́ kí a pẹ́ jù. Omi wúwo ju dísẹ́ẹ̀lì lọ, ó sì máa ń sọ̀ sí ìsàlẹ̀. Láàárín omi àti epo ni ohun kan tí ó rí bí ilá ti máa ń hù, òun ni ó sì ń dí asẹ́. A fọ táǹkì, a pààrọ̀ asẹ́, lẹ́yìn náà ni a wá lé afẹ́fẹ́ jáde nínú ọ̀nà epo. Èyí ṣe pàtàkì: dísẹ́ẹ̀lì kò lè ṣiṣẹ́ bí afẹ́fẹ́ bá wà nínú páìpù rẹ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ ṣeé tẹ̀ pọ̀, epo kò ṣeé tẹ̀ pọ̀. Láti táǹkì lọ síwájú ni a ti ń bẹ̀rẹ̀: a ó tú bóòtù kékeré orí asẹ́ títí hóhó yóò fi tán, a ó dì í, a ó tú ti pọ́ǹpù, a ó dì í, lẹ́yìn náà ti nọ́súsù. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ yín sí iwájú nọ́súsù tí ń fọ́n epo láéláé. Agbára tí ó fi ń jáde pọ̀ tó láti la awọ ara kọjá sínú ẹran. Ojú ibẹ̀ yóò dàbí ibi tí abẹ́rẹ́ gún lásán, ṣùgbọ́n ẹni náà gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn ní wákàtí náà gan-an. Àwọn tí kò lọ ti pàdánù ìka wọn.

Níti ohun èlò tí a kò rí, àwọn tọ́nà ni ó gbà wá. Ríìnì àti bíárìn Lister ìlọta wà ní ọjà, ṣùgbọ́n ti ojú omi ní àwọn ohun kan tí kò bá a mu. A rí díẹ̀ ní Owódé Onírin, a sì ní kí tọ́nà kan gbẹ́ búùṣì pọ́ǹpù omi láti inú idẹ pupa. Wákàtí méjì ló fi ṣe é, ó sì dára ju èyí tí a yọ lọ.

Nígbà tí a ti Tùkùtùkù sínú omi, ó jò ní alẹ́ ọjọ́ kìíní débi pé omi dé ọrùn ẹsẹ̀. Mo dààmú. Ọ̀rẹ́ mi sùn. Ní ọjọ́ kẹrin igi ti wú, jíjò náà sì ti di ohun tí kòǹgò kan lè gbọ́n ní òwúrọ̀. Ìgbà yẹn ni ó wá so ṣáàfù mọ́ ẹ́ńjìnnì. Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi ṣe é nígbà tí ọkọ̀ wà lórí ilẹ̀, tí ó rọrùn láti dé ibẹ̀. Ó ní ọkọ̀ onígi kì í ṣe òkúta. Bí ó ti jókòó lórí ilẹ̀ kọ́ ni ó ti ń jókòó lórí omi. Ẹ́ńjìnnì tí ó tọ́ lórí ilẹ̀ lè wọ́ lórí omi, bí ṣáàfù bá sì wọ́, yóò máa gbọ̀n, yóò jẹ bíárìn, yóò sì tú ìṣó ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú irin méjì ni ó pàdé níbi tí a ti so wọ́n pọ̀. Ó ń fi abẹ irin tín-ínrín wọn àlàfo wọn lókè, nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún, lósì, ó sì ń gbé ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì sókè sódò títí ìyàtọ̀ wọn kò fi ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ. Odidi ọjọ́ kan ni ó gbà.

Níbi tí ṣáàfù ti jáde lọ sínú omi, àpótí idẹ kékeré kan wà tí a di okùn tí a fi ọ̀rá ra sínú rẹ̀ kí omi má baà ya wọlé. Ẹni tí kò mọ̀ yóò fún un pinpin nítorí pé ó rí omi tí ń kán. Ó yẹ kí ó máa kán! Ẹ̀kán díẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan nígbà tí ṣáàfù bá ń yí ni ó ń mú ibẹ̀ tutù. Bí ẹ bá fún un títí kò fi kán mọ́, okùn náà yóò gbóná, yóò sì gbẹ́ ojú ṣáàfù bí ayùn.

Mo gbọ́dọ̀ yà díẹ̀ níhìn-ín láti sọ̀rọ̀ lórí bẹntiróòlù, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Àwọn àgbà ẹ́ńjìnnì inú ọkọ̀ kan ń lo bẹntiróòlù. Kódà àwọn dísẹ́ẹ̀lì Kelvin kan wà tí a ń fi bẹntiróòlù jí kí a tó yí wọn sí dísẹ́ẹ̀lì. Afẹ́fẹ́ tí ń jáde lára bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ. Nínú ọkọ̀ tí a bo, kò ní fẹ́ lọ. Yóò sọ̀ sí ìsàlẹ̀ ikùn ọkọ̀, yóò sì dúró de iná bátìrì tàbí ti sìgá. Kí a tó jí irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, a gbọ́dọ̀ ṣí gbogbo ìdérí, kí a jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ wọlé, kí a sì tẹ orí ba láti gbóòórùn. Èéfín ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú ń pani láìní òórùn nínú yàrá ọkọ̀ tí a tì pa. Dísẹ́ẹ̀lì kò tètè gbaná bẹ́ẹ̀, ọ̀kan nínú ìdí tí inú mi fi dùn pé dísẹ́ẹ̀lì ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi yàn.

Ọjọ́ tí a ó jí i pé. Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí oṣù mẹ́ta mi tó pé. Àwọn ìbátan mi wá, àwọn ará erékùṣù wá, ẹni tí ń ra irin pẹ̀lú wá, ó dúró sí ẹ̀yìn. Bí a ti ń jí irú ẹ́ńjìnnì yìí nìyí: irin kékeré kan wà ní orí rẹ̀ tí a ń gbé sókè kí fáàfù má baà padé, kí afẹ́fẹ́ lè máa jáde, kí ọwọ́ ènìyàn lè yí i. A ó fi háńdù yí i kíkankíkan títí kẹ̀kẹ́ irin ńlá yóò fi gba agbára, a ó sì já irin náà sílẹ̀. Àtàǹpàkò gbọ́dọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà pẹ̀lú àwọn ìka yòókù lára háńdù, kí a má ṣe fi yí i ká, nítorí bí ẹ́ńjìnnì bá ta padà, yóò ṣẹ́ àtàǹpàkò tí ó bá há. Àgbàlagbà méjì nínú wa dán an wò, ó kọ̀. Ọmọ ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n dán an wò." Ìyá rẹ̀ ní ẹ̀rọ ìlọta ní Òkókómáíkò, láti kékeré ni ó ti ń jí i ní àràárọ̀. Ó yí i ní ẹ̀ẹ̀mẹfà, ó já irin sílẹ̀. Tùkù. Tùkù. Tùkù tùkù tùkù.

Èéfín funfun jáde lákọ̀ọ́kọ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ nígbà tí ara irin ṣì tutù. Bí funfun náà bá kọ̀ tí kò lọ, epo kan ń jáde láìjó, tàbí omi ń wọlé. Èyí tí ó bá dúdú, epo ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, tàbí ẹrù ti wúwo jù fún un. Bí ó bá ní àwọ̀ aró, ọ́ìlì ni ó ń jó. Tiwa funfun, lẹ́yìn náà ó mọ́ kedere. Ìyá àgbà kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo gbé orin ọpẹ́ sókè, gbogbo ènìyàn sì gbè é.

Iṣẹ́ tí a fún mi ni pé kí n máa wo páìpù tí omi tí ń mú ẹ́ńjìnnì tutù ń gbà jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Orin dùn, mo gbàgbé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú bíi mẹ́rin ni ọ̀rẹ́ mi kígbe pé, "Àlùfáà, omi dà?" Kò sí omi kan tí ń jáde. Ó pa ẹ́ńjìnnì lójijì. Irin rẹ̀ ti gbóná débi pé itọ́ ń hó lórí rẹ̀. Ohun tí ó dí ẹnu ihò omi ni gbòǹgbò koríko olódòdó tí ń léfòó lójú omi wa. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà tó yóò rántí pé koríko yìí kò sí níbí nígbà tí a wà ní ilé-ìwé. Ní 1984 ni ó gba ojú omi Àgbádárìgì wọlé láti ọ̀nà Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kàn fi awẹ́ irin kan bo ihò náà, ó sì tó fún ìgbà tirẹ̀. A ti fi agbọ̀n idẹ dáradára sí i báyìí, a sì ń tú u fọ̀ kí a tó jáde àti nígbà tí a bá dé. Ẹ̀bi mi ni, mo sì ti jẹ́wọ́ rẹ̀ fún wọn. Mẹ́rin ni ìṣẹ́jú náà. Bí ó bá jẹ́ mẹ́wàá, ẹni tí ń ra irin ì bá ti gbé e lọ ní ọjọ́ náà.

Ní adágún Ullswater ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ kékeré kan tí ń jẹ́ Dolly, tí a kàn ní nǹkan bí 1850, rì ní 1895. Nígbà tí a gbé e jáde ní 1962, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, wọ́n sì mú un ṣiṣẹ́ padà. Omi tútù tí kò níyọ̀ ni ó pa á mọ́. Omi tiwa kò ní ṣe irú oore bẹ́ẹ̀ fún Tùkùtùkù, nítorí náà a ní ìlànà tí a ń tẹ̀ lé. Kò gbọdọ̀ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ kí ẹ́ńjìnnì má dún. Nígbà tí ó bá dún, kí ó ṣiṣẹ́ gidi. Dísẹ́ẹ̀lì tí a kàn jí tí a sì jẹ́ kí ó máa sún lẹ́nu èbúté kì í gbóná tó, epo tí kò jó tán a sì máa lẹ̀ mọ́ ara sílíńdà. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, bí iyọ̀ bá pọ̀ nínú omi, a ń fi omi kànga fọ inú rẹ̀ lẹ́yìn ìrìn àjò. A kan síńkì mọ́ ìdí ọkọ̀ lábẹ́ omi, nítorí pé níbi tí idẹ àti irin bá ti wà pọ̀ nínú omi iyọ̀, ọ̀kan yóò jẹ èkejì. Síńkì ni a fi fún un jẹ. Kí a tó kúrò, a ó ti ihò omi pa, a ó yí ìdérí gíríìsì ìdí ṣáàfù lẹ́ẹ̀kan, a ó sì wo ìsàlẹ̀ ọkọ̀.

Àwọn ìbátan mi kò tà á. Wọn kò sì ṣèlérí pé àwọn kò ní tà á: wọ́n ní kí ó máa pa owó epo tirẹ̀ títí di ẹ̀ẹ̀rùn tí ń bọ̀, kí àwọn tó sọ̀rọ̀. Ó ń kó àgbọn àti ẹja yíyan ní ọjọ́ ọjà, ó sì ń pa owó epo náà, ṣùgbọ́n kò tíì pa owó nọ́súsù kejì tí a nílò. Bí akẹ́kọ̀ọ́jáde wa kan bá ní ìwé ìtọ́nisọ́nà Lister ojú omi àtijọ́ nínú àpótí bàbá rẹ̀, tàbí tí ó mọ ibi tí irú nọ́súsù bẹ́ẹ̀ wà, kí ó jọ̀wọ́ fi í ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ilé-ìwé ní orúkọ mi. Ọmọ tí ó jí i lọ́jọ́ náà ni awakọ̀ rẹ̀ báyìí ní ọjọ́ Sátidé, ọ̀rẹ́ mi sì ń kọ́ ọ bí a ti ń wọn ṣáàfù. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ìró rẹ̀, kí ó ti wà ní èbúté Ọ̀jọ́ kí aago méje òwúrọ̀ tó lù.